Èsì Ẹ̀jẹ̀ Kò Ní Lé Mi Kúrò Nílé

Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ rẹ̀ fúnra mi kí ẹlòmíì tó bá mi rò ó: mo pe ọkọ mi lórúkọ lójú ìyá tó bí i. Kì í ṣe "Dádì" tí mo ti ń pè é látìgbà tí a ti bímọ. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ ni mo pè, lóhùn rara, láti inú yàrá dé pálọ̀, bí ìgbà téèyàn ń pe ọmọdé kó wá gbé abọ́. Mo ní kó wá bá mi wá kọ́kọ́rọ́, kọ́kọ́rọ́ náà sì wà lọ́wọ́ mi. Ìyá ọkọ mi jókòó, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ń bá wa gbé ní Iyaro, ní Benin. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń ta èlùbọ́, ata gígún àti ẹ̀wà ní ọjà Santana. Ó gbọ́ Pidgin ju àwọn mìíràn tí wọ́n bí síbẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n tó bá ti wọlé tó bọ́ bàtà, Yorùbá ló kù. Ó máa ń sọ pé ìlú onílùú la wà, pé ohun tó bá sọnù lọ́wọ́ wa níbí, kò sẹ́ni tó máa bá wa wá a. Nítorí náà ìyàwó gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, ìyàwó kò sì gbọdọ̀ pe ọkọ lórúkọ. Èmi tí mo ń wọ bàtà gogoro lọ sẹ́nu iṣẹ́ ní báńkì kan ní Sapele Road, mo kúnlẹ̀ fún un láràárọ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Mi ò kà á sí ìyà. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nílé wa náà nìyẹn.

Lẹ́yìn ọjọ́ orúkọ yẹn, mi ò kúnlẹ̀ mọ́. Mi ò jókòó pinnu rẹ̀. Ó kàn kúrò lára mi. Bí mo bá ti jí, màá gba ẹ̀gbẹ́ ìyá ọkọ mi kọjá lọ sílé ìdáná láì wo ojú rẹ̀. Mo sọ fún un pé ọbẹ̀ rẹ̀ ò ládùn. Nígbà tó ní kí n dákẹ́, mo rẹ́rìn-ín. Níbi iṣẹ́, mo fún oníbàárà kan ní fọ́ọ̀mù kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, nígbà tó sì bínú, èmi náà bínú, mo ní kó kúrò níwájú mi. Ọ̀gá mi ní kí n lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Èmi náà gbà pé ó rẹ̀ mí ni, torí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi ga lẹ́nu iṣẹ́ ni, iṣẹ́ sì pọ̀ lọ́rùn mi.

Ìgbéga yẹn ló ba tèmi jẹ́ nílé. Ìyá ọkọ mi pe ọmọ rẹ̀ jókòó, ó ní ipò tuntun ti gun ìyàwó rẹ̀ lórí. Wọ́n pe àgbà méjì wá láti inú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa. Odidi ọ̀sán Sọ́ńdè kan ni wọ́n fi bá mi wí. Mo kúnlẹ̀, mo sunkún, mo bẹ̀bẹ̀, wọ́n ní ó ti tán, wọ́n mu míńírà, wọ́n lọ. Kò tíì dìrọ̀lẹ́ tí mo tún fi pe orúkọ ọkọ mi, mo ní kó wá sọ fún mi ẹni tó wá fi ìgò sílẹ̀ káàkiri pálọ̀ mi.

Ohun tó ń bí mi nínú títí dòní nìyí. Obìnrin ará Edo tó ń gbé òdìkejì ilé wa, tí kò gbọ́ ju "ẹ káàárọ̀" lọ nínú èdè wa, ó pe ọkọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi í bóyá ara mi yá, torí pé ojú mi kò jọ ojú tí òun mọ̀. Ọkọ mi ní ara mi yá, pé ìwà ni mo ń hù. Àjèjì rí àìsàn. Àwa tí a mọ ohun tí ìkúnlẹ̀ jẹ́, a ní àfojúdi ni. Bí mo bá ń kúnlẹ̀ dáadáa ni, ọpọlọ mi ì bá jóná tán, kò ní sẹ́ni tó máa fura nínú ilé yẹn.

Ọmọ mi náà fura. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Ó gbọ́ gbogbo Yorùbá tí a bá sọ, ṣùgbọ́n Pidgin ló fi ń dáhùn, èyí sì máa ń dun ìyá ọkọ mi gan-an. Mo bi í pé ṣé ó ti jẹun. Ó wò mí, ó ní, "Mummy, you don ask me this one four times." Mo gbá a létí. Mi ò gbá ọmọ yẹn létí rí láyé mi. Nínú gbogbo ohun tí àìsàn náà mú mi ṣe, èyí nìkan ni mo ṣì ń tọrọ àforíjì lé lórí, ó sì ti sú ọmọ náà láti máa gbọ́ ọ.

Láàárọ̀ Sátidé kan, mo ń din dòdò ni mo bá ṣubú. Wọ́n ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n, mo di eyín pinpin, itọ́ ń ho lẹ́nu mi. Ọmọ mi ló pa iná gáàsì kó tó sáré lọ pe obìnrin òdìkejì, ọkọ̀ obìnrin náà ni wọ́n sì fi gbé mi dé ọsibítù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀lé e, mi ò rántí rẹ̀ rárá. Ẹnu ọkọ mi ni mo ti gbọ́ ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀. Ó ní mo bu nọ́ọ̀sì kan jẹ. Ó ní mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń pàṣẹ fún àwọn aláìsàn tó kù ní wọ́ọ̀dù pé kí wọ́n lọ ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù méjì méjì wá, pé láìsí i, mi ò lè ṣí àkáǹtì fún wọn. Màmá àgbà kan tiẹ̀ rán ọmọ rẹ̀ lọ mú tirẹ̀ wá láti ilé.

Dókítà tó wá mọ ohun tó ń ṣe mí jẹ́ obìnrin kúkúrú kan, ọmọ Benin gan-an, tí kì í gbé ohùn sókè. Ó fa omi díẹ̀ láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn mi, wọ́n fi ránṣẹ́ síta. Nígbà tí èsì dé, ó jókòó ti ọkọ mi, ó ní kì í ṣe wèrè, kì í ṣe èpè. Ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa láti máa bá àìsàn jà ló ṣìnà lára mi, ó kọjú sí ọpọlọ mi, ó ń bá a jà, ọpọlọ náà sì wú. Ó ní oògùn wà tí wọ́n máa fi dírípù fún mi lóṣooṣù láti dá ìjà náà dúró, ó kéré tán fún oṣù mẹ́fà. Ó kìlọ̀ fún ọkọ mi pé tí mo bá fi í sílẹ̀ lágbedeméjì, gbogbo rẹ̀ lè padà, ó sì lè le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ó tún ní ohun kan wà tí òun fẹ́ máa wò nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Àwọn iṣan tó ń gbé ọ̀rọ̀ kiri nínú ọpọlọ ní àwọn fọ́nrán tín-ín-tín-ín nínú tó gbé wọn ró. Tí iṣan bá bàjẹ́, fọ́nrán yẹn á já, ègé rẹ̀ á jò sínú omi tó yí ọpọlọ ká, díẹ̀ á sì bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Tí ègé náà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, iṣan ń bàjẹ́ nìyẹn. Tó bá ń dín kù, ìjà ti ń rọlẹ̀. Wọn kì í ṣe irú àyẹ̀wò yẹn ní Benin. Wọ́n ní láti fi yìnyín gbé ẹ̀jẹ̀ mi lọ sí Èkó, láti ibẹ̀ lọ sókè òkun. Ti àkọ́kọ́ ga débi pé ìgbà tí ọkọ mi bi dókítà lẹ́ẹ̀mejì ló tó sọ fún un.

Nígbà tí wọ́n dá mi sílẹ̀, mò ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì díẹ̀, mo sì máa ń wá ọ̀rọ̀ kan títí tí ẹni tí mo fẹ́ sọ ọ́ fún á fi dìde lọ. Ìyá ọkọ mi ti wá gbà pé àìsàn ni. Ẹ má rò pé ó tọrọ àforíjì o. Ohun tó sọ ni pé nǹkan yìí ju ti dókítà lọ, kí wọ́n gbé mi lọ sílé, sí òkè àdúrà kan tó wà lẹ́yìn ìlú wa, kí n wà níbẹ̀ títí ara mi á fi dá. Ọmọ mi á lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ní Àkúrẹ́. Ọkọ mi, tí mo fẹ́ràn tó sì máa ń ṣe mí bíi kí n mì í jìgìjìgì nígbà míì, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká rò ó ná." Nílé wa, tí ọkọ mi bá ti ní ká rò ó ná, ohun tí ìyá rẹ̀ fẹ́ ló máa ṣẹ.

Wọ́n á já mi kúrò nídìí dírípù, wọ́n á sì gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi. Gbogbo àlàyé yòókù tí wọ́n ṣe, mi ò gbọ́ ọ.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe òṣìṣẹ́ báńkì. Gbogbo ọdún tí mo fi jókòó ní Sapele Road, ìwé ló ń parí àríyànjiyàn. Oníbàárà á pariwo, á búra, màá tẹ ìwé jáde, màá tì í síwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ á tán. Mo rò pé ó máa rí bẹ́ẹ̀ nílé. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní oṣù mẹ́ta. Wọ́n máa tún ẹ̀jẹ̀ mi yẹ̀ wò. Tó bá ti bọ́ síbi tó yẹ, ẹ fi mí sílẹ̀ síbí. Tí kò bá bọ́ síbẹ̀, ẹ ṣe bó ṣe wù yín." Ó ní òun gbọ́. Ọkọ mi ní òun ni ẹlẹ́rìí. Bí mo ṣe fi ẹnu ara mi fi ọmọ mi dógò nìyẹn.

Mo ṣiṣẹ́ lóṣù mẹ́ta yẹn ju bí mo ṣe ṣiṣẹ́ rí ní báńkì. Láràárọ̀ mo ń fẹsẹ̀ rìn dé ẹnu títì, mo ń padà, ọmọ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Yóò nawọ́ sí nǹkan, èmi á sọ orúkọ rẹ̀: ṣọ́ọ̀bù, gọ́tà, àgbá omi, kẹ̀kẹ́. Tí orúkọ bá sá fún mi, kì í sọ ọ́ fún mi. Á dúró, á ká ọwọ́ mọ́ àyà bíi tíṣà. Mo ra ìwé kan, mo ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá sọnù sínú rẹ̀, mo ń kà á lórí ṣáláńgá, mo ń kà á nídìí ìkòkò. Mo gba dírípù lẹ́ẹ̀mẹta. Ìkúnlẹ̀ padà wá, ṣùgbọ́n mo ní láti di àga mú kí n tó lè dìde. Ìyá ọkọ mi á ní, "Ó tó, ìyàwó mi, dìde," á sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má baà rí bí mo ṣe ń jìjàkadì pẹ̀lú àga.

Èsì dé. Dókítà gbé e síwájú èmi àti ọkọ mi. Ó ní ó ti wálẹ̀, ó sì wálẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ó ṣì ga ju ti ẹni tí ara rẹ̀ le lọ. Mo fa ìwé náà sọ́dọ̀ mi. Ó rí ojú mi, ó sì ṣàlàyé pé kò yẹ kó bà mí lẹ́rù, pé ègé iṣan tó ti já máa ń pẹ́ kó tó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ tán, pé èsì yẹn lè sọ bí ìbàjẹ́ ṣe pọ̀ tó, kò lè sọ ohun tí mo lè ṣe àti ohun tí mi ò lè ṣe. Ó ní bí mo ṣe rìn wọlé tí mo sì kí òun ni òun kọ́kọ́ wò, kí òun tó wo ìwé. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni báàgì ọmọ mi.

Nǹkan bí aago méjì ọ̀sán la délé. Ìyá ọkọ mi ti pa ìsọ̀ rẹ̀ dé, ó ń dúró dè wá. Kò bi mí; ọmọ rẹ̀ ló bi.

"Ṣé ó bọ́ síbi tó yẹ?"

"Màmá, kò tíì bọ́ síbẹ̀, àmọ́ dókítà ní..."

"Kò bọ́ síbẹ̀."

Ó dìde, ó wọ yàrá ọmọ mi lọ. Mo gbọ́ ìró síìpù báàgì. Ó ti bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ọkọ̀ àárọ̀ ọjọ́ kejì ni. Ọkọ mi dúró sáàárín pálọ̀, ó di ìwé èsì náà mú. Inú bí mi débi pé ẹsẹ̀ òsì mi gbàgbé láti wọ́. Mo bá ìyá ọkọ mi nínú yàrá, ó ń ká yunifọ́ọ̀mù ọmọ náà.

Mo ní, "Màmá, mi ò lọ. Ọmọ mi ò sì ní lọ."

"Àdéhùn wa ńkọ́?"

"Èmi ni mo dá a, èmi náà ni mo yẹ̀ ẹ́."

"Ìyàwó, o fẹnu ara rẹ sọ ọ́."

"Mo sọ ọ́. Ẹ̀yin náà lẹ sì ń sọ káàkiri nígbà yẹn pé ọpọlọ mi ò pé. Ta ló ń bá ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ò pé dá àdéhùn?"

Mo rí i tó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ó tún ká aṣọ kan. Mo ní, "Màmá, tí eku bá jẹ àpò èlùbọ́ yín, tí èlùbọ́ dà sílẹ̀, èyí tó dà sílẹ̀ nìkan ni ìwé yẹn ń wọ̀n. Kò yọjú wo inú àpò. Ṣé ẹ máa ń da èyí tó kù nù ni?"

"Mo máa ń kọ́kọ́ gbé àpò kúrò níbi tí eku wà."

"Eku yìí ò sí ní Benin. Inú ara mi ló wà. Ibi tí ẹ bá gbé mi lọ, ẹ gbé e dání. Dírípù yẹn ló ń pa á, kò sì sí dírípù lórí òkè."

Ó ju aṣọ sílẹ̀. Mo ti múra sílẹ̀ de èébú, mo sì ní tèmi lẹ́nu tí mo fẹ́ fi dá a lóhùn, àgbà ni o, ọmọdé ni o. Ṣùgbọ́n ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi, ó ní òun ní àbúrò obìnrin kan. Ọdún mọ́kànlá tí mo fi gbé pẹ̀lú rẹ̀, mi ò gbọ́ pé ó ní àbúrò obìnrin rí.

Ó ní ọmọ náà ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán, pé ó mọ̀wọ̀n ara rẹ̀, ọmọ tó máa ń kúnlẹ̀ kí ewúrẹ́ pàápàá ni wọ́n fi ń ṣe é ní yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ kan ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú àwọn àgbà. Wọ́n ní ojú rẹ̀ ti là. Wọ́n nà án. Òun gan-an, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nà án. Ó tó oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó mọ̀ pé kì í ṣe ìwà, ìgbà náà ni wọ́n wá gbé e lọ sórí òkè yẹn.

"A pẹ́ ni," ló wí. "Ká ní a tètè gbé e lọ ni. Mi ò tún ní jẹ́ kó pẹ́ mọ́. Mo ti kọ́kọ́ pe tìrẹ náà ní ìwà."

Mo bi í pé, "Màmá, nígbà tí ẹ gbé e débẹ̀, ó padà wálé?"

Ó mi orí pé rárá.

"Ibẹ̀ náà lẹ fẹ́ gbé mi lọ?"

Ó mú aṣọ tó jù sílẹ̀, ó tún un ká. Ọkọ mi ti wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ọmọ mi lẹ́yìn rẹ̀. Àánú ìyá ọkọ mi ṣe mí, inú sì ṣì ń bí mi sí i, méjèèjì pọ̀ lọ́kàn mi lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò kúnlẹ̀. Mo jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì, èjìká sí èjìká, bí mi ò ṣe jókòó tì í rí. Mo ní, "Ẹ ò pẹ́, Màmá. Kò sẹ́ni tó fa omi ẹ̀yìn rẹ̀ wò ni, kò sì sẹ́ni tó ní oògùn rẹ̀ lọ́wọ́. Tèmi wà. Túsídè tó ń bọ̀ ni."

 Ó ní, "Ta ló ń tẹ̀ lé ọ lọ?"

Mo ní èmi nìkan ni mo máa ń dá lọ, pé ọkọ mi ń wà níbi iṣẹ́.

Ní Túsídè, ìsọ̀ rẹ̀ ò ṣí. Ó tẹ̀ lé mi dé ọsibítù, ó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì mi, ó sì bá nọ́ọ̀sì jà lẹ́ẹ̀mejì pé dírípù náà ń yára jù. Kí wọ́n tó fi abẹ́rẹ́ dírípù sí mi lọ́wọ́, nọ́ọ̀sì ti ní kí n na ọwọ́ kejì kí òun fa ẹ̀jẹ̀. Ìyá ọkọ mi bi mí ohun tí wọ́n tún fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ ṣe. Mo sọ fún un pé èyí tó ń lọ sókè òkun ni, ẹ̀kẹta rẹ̀. Ó wo ìgò kékeré náà bó ṣe ń kún, títí nọ́ọ̀sì fi dé e.

"Ẹ máa gbé e lọ," ló wí fún nọ́ọ̀sì tí kò gbọ́ Yorùbá. "Ohun tó bá sọ kó sọ ọ́. Iyaro ni mò ń gbé ìyàwó mi padà sí."